Gòjé Ọ̀gá Mi Kò Kọjá Ẹnubodè

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ládùúgbò wa ní Ìwó máa ń yà kí mi, wọ́n á ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tẹ́ ẹ lágbára?" Bí mo bá ní gòjé ni mo ń ṣe, àwọn kan nínú wọn á rò pé oúnjẹ ni. N kì í bínú. Ohun èlò orin ni gòjé, olókùn kan ṣoṣo. Igbá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á fi awọ bò ó lẹ́nu, wọ́n á ki igi gígùn bọ̀ ọ́ bí ọrùn, ẹni tó ń lò ó á gbé e sí itan, á sì fi ọrun onírun ẹṣin fà á. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti obìnrin tó ń sunkún, tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ sákárà, òun ló ń bá olórin sọ̀rọ̀. Mo ṣe é títí irun orí mi fi funfun tán. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun lè mọ ohun tó ń wọ̀. N kò ní fi nǹkan kan bò.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Mo ti ka Kùránì parí, mo sì ti ka ìwé díẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ sákárà kan wá ṣeré níbi ìkómọ kan nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹni tó ń fa gòjé jókòó sórí àpótí, ó dijú, kò wo ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni oko ti sú mi. Bàbá mi rí i lójú mi, wọn kò bá mi jà. Wọ́n mú mi lọ bá ọkùnrin náà gan-an, Bàbá Sùnmọ́nù, nítòsí Odò-Orí. Ohun tí wọ́n jọ sọ nípa ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kò gùn, kò sì tó ohun tí à ń ròyìn.

Bàbá Sùnmọ́nù ga, wọ́n tínrín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọwọ́ Háúsá arúgbó kan ní Sábó Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe gòjé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fà á fún ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, olórin sákárà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rábí, nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Rábíátù.

Ọ̀gá mi kò na ọmọ iṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ìyà tiwọn le ju pàṣán lọ. Kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ, etí mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́. A máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ilé-Ogbó, sí oko ìyá kan tó ń gbin igbá. Wọ́n á gbé igbá gbígbẹ kan sókè, wọ́n á fi ìka gbá a, wọ́n á wá kọjú sí mi.

"Kí ló sọ?"

"Ó dún, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé ó dún. Ilẹ̀kùn náà ń dún. Kí ló sọ?"

N kò ní mọ èyí tí mo máa wí. Wọ́n á gbé igbá náà kalẹ̀, wọ́n á yí padà, a ó sì gba ọ̀nà Ìwó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé igbá tó nípọn níhìn-ín, tó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í gbọ́ra wọn yé. Ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò yìn mí. Wọ́n kàn mú igbá mìíràn fún mi, wọ́n ní, "Gbé e, ká máa lọ." Inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí a délé.

Awọ ló wá le jù. Awọ alégbà ni wọ́n ń lò, ẹranko tó dà bí alángbá ńlá, tó ń gbé etí odò. Àwọn ọdẹ Kúta ló ń pa á lẹ́bàá odò Ọbà. Wọ́n á jẹ ẹran rẹ̀, wọ́n á tọ́jú awọ dè wá. A ó rẹ awọ náà sómi, a ó fà á bo ẹnu igbá, a ó kàn án mọ́ ọn yíká, a ó sì gbé e sábẹ́ òjìji títí yóò fi gbẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ kan ni Làsísì, tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, gbé tirẹ̀ sí oòrùn kó lè tètè gbẹ. Kí á tó kírun Alásàrí tán, awọ ti ya láàárín. Bàbá wò ó, wọn kò pariwo.

"Làsísì, ta ló pa alégbà yìí?"

"Bàbá ọdẹ ni, ní Kúta."

"Dìde. Mú awọ náà dání. Lọ sọ fún un pé o ti ba ohun tó pa jẹ́."

Làsísì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú wọn, ó gbé awọ ó sì lọ. Ohun tí ọdẹ náà sọ fún un, kò sọ fún mi títí dòní, àmọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ mọ́tò wíwà. Bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀, ó ní, "Múráínà, ọkùnrin yìí fẹ́ràn gòjé ju èèyàn lọ." N kò bá a jiyàn.

Gòjé kan wà tí Bàbá ṣe nígbà ọ̀dọ́ wọn. Igbá rẹ̀ ti pọ́n bí epo, ọrùn rẹ̀ ti dán níbi tí ọwọ́ wọn ń gbà. Gbogbo gòjé tí a bá ṣe, ẹ̀gbẹ́ èyí ni a ó gbé e sí. Wọ́n á fa tiwọn, wọ́n á fa tuntun. Bí tuntun kò bá dáhùn dáadáa, wọ́n á tú u palẹ̀. Wọ́n tú èyí tí mo fi odindi ìgbà òjò kan ṣe. Mo jókòó ti awọ àti igi rẹ̀ nílẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ ṣe àlùwàlá. Ọjọ́ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo dá ilé iṣẹ́ tèmi sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ta gòjé kankan tí n kò kọ́kọ́ gbé lọ bá wọn.

Ayé kò dúró. Ọwọ́ àwọn Háúsá tó ń sin ẹṣin ni a ti ń rí irun fún okùn. Nígbà tó yá, ẹṣin di àwátì, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo okùn ìpẹja. Kì í já, ṣùgbọ́n ó ń gún etí. Ọ̀bẹ àti àáké kékeré ni mo fi kọ́ṣẹ́. Áyùn oníná dé, ohun tí a ń fi gbogbo àárọ̀ gbẹ́ wá di ohun ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ràn áyùn náà, n kò ní purọ́. Bàbá kì í fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí igi ń wí.

Kíbọ́ọ̀dù ló wá lé wa nílé. Ẹnì kan á jókòó ti ẹ̀rọ kan, á tẹ bọ́tìnnì, á ṣe bíi fèrè, á tẹ òmíràn, á ṣe bíi gòjé. Kò dún bíi gòjé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jó kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Bàbá Rábí kú, ẹgbẹ́ wọn túká. Àwọn tó kù tó ń wá gòjé wá sọ́dọ̀ mi, òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ sí lára ògiri. Ọ̀kan wá láti Òṣogbo, ó ní, "Bàbá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí okùn. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa dán." Mo ṣe é fún un. Mo ní aya, mo ní ọmọ. Ìyẹn ni gòjé àkọ́kọ́ tí n kò gbé lọ bá Bàbá.

Àwọn náà ti darúgbó nígbà náà, ojú wọn ti fọ́. Inú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn, Àfáà Tíjání, tó ti sọ ìta gbangba ilé náà di ilé kéwú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Tíjání. Fúnra rẹ̀ ló ń fọ aṣọ bàbá rẹ̀, òun ló ń fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí. Àmọ́ kò fẹ́ ohun orin nínú ilé tí wọ́n ti ń ka Kùránì. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, Bàbá kò sì bá a jà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Múráínà, bí mo bá kú, Tíjání kò ní ju gòjé mi nù. Mo mọ ọmọ mi. Yóò gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Bí awọ rẹ̀ bá jẹrà tán, adìyẹ á máa yé sínú igbá rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín tọ́jú rẹ̀, Bàbá."

"Ìwọ náà ti ń darúgbó. Ta ló máa fà á lẹ́yìn rẹ?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Bàbá ti mọ ẹni tó máa fà á. Rábíátù, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, ti di nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó. Ìdí ẹsẹ̀ Bàbá ló ti kọ́ gòjé fífà ní kékeré, nígbà tí àwọn èèyàn ń wí pé kì í ṣe ohun tó yẹ obìnrin, kò sì fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà kan tó wálé, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta tiwọn fún òun, wọ́n fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ní báyìí àwọn ló ní kí n pè é. Wọ́n fẹnu kò lórí fóònù kíákíá, bí ẹbí méjì tó ti mọra tipẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ìyàwó. Èmi ni wọ́n ní kí n dì í, kí n sì fi ránṣẹ́.

Mo dẹ okùn rẹ̀, nítorí okùn tó bá le lójú ọ̀nà lè fa awọ ya. Káfíńtà kan kan àpótí pákó tó bá a mu, mo fi òwú yí i ká, mo fi ìró àtijọ́ ìyàwó mi wé e. Kí n tó dé àpótí, Bàbá ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti ọrùn dé ìdí. Wọn kò fà á. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó pẹ́ lójú ọ̀nà."

Mo gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Gòjé ni, ọmọ mi. Ohun èlò orin."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é, sà?"

"Igbá, igi, irun ẹṣin, awọ alégbà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe pè é. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó máa pa gòjé náà ni mo sọ yẹn. Ká ní mo ní awọ ewúrẹ́ ni, bóyá ì bá kọjá. Mo ti ro ìyẹn títí, ó ti sú mi. Òótọ́ ló béèrè lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni mo fún un.

Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí Bàbá, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè. "Ṣé ó ti dé?" Èmi náà á ní, "Ó wà lójú ọ̀nà, Bàbá." Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Rábíátù pè mí lórí wásáàpù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti dá a dúró."

"Àwọn ta?"

"Àwọn aṣọ́bodè níbí. Wọ́n ní alégbà wà lára àwọn ẹranko tí gbogbo ayé jọ ń dáàbò bò. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi awọ rẹ̀ ṣe, kò gbọdọ̀ wọlé láìní ìwé àṣẹ láti ilé."

"Alégbà yìí ti kú kí wọ́n tó bí ẹ!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Mo sunkún níwájú wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ kiri. Mo lọ sí Òṣogbo, wọ́n ní Àbújá ni. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àbújá, èmi tí n kò kọjá Ìlọrin rí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo bá níbẹ̀ fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó sì gbọ́ ẹjọ́ mi dópin. Ó wá ní, "Bàbá, ìwé yìí kì í lé ẹrù bá lọ́nà. Òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ má bínú." Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé n kò rí ẹni tí mo máa bá jà. Òfin náà kì í ṣe òfin wèrè. Àwọn ọdẹ Kúta fúnra wọn ti ń sọ pé àwọn kì í rí alégbà létí odò Ọbà mọ́, àwa onígòjé sì wà lára àwọn tó jẹ́ kó tán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò tù mí nínú. Mo sùn nínú mọ́tò bọ̀ wálé bí ẹni tó ti ibi òkú bọ̀.

Rábíátù gba agbẹjọ́rò, kò já sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti jó o, pẹ̀lú àwọn báàgì àti bàtà aláwọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Àwọn kan ní kí n sọ fún Bàbá pé gòjé ti dé. Ìyàwó mi pàápàá wà lára wọn. Wọ́n ní arúgbó tí kò ríran, ta ni yóò sọ fún un? Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àmọ́ irọ́ kì í ṣe ti ẹrú, kì í ṣe tọmọ. Mo lọ. Mo bá wọn lórí ẹní lábẹ́ igi ọ̀dán, àwọn ọmọ kéwú ń ké súrà lẹ́yìn wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ó ti dé?"

"Bàbá, kò dé. Wọ́n ti jó o ní ẹnubodè. Awọ alégbà tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n kọ̀."

Àwọn ọmọ kéwú bọ́ sí súrà mìíràn.

"Múráínà."

"Bàbá."

"Ǹjẹ́ ẹnì kankan fà á kí wọ́n tó tì í bọ iná?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Wọn kò fà á," ni wọ́n wí. "Ká ní wọ́n fà á ni, wọn kì bá lè jó o."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò sọ̀rọ̀ gòjé mọ́. Mo gbé tuntun kan lọ bá wọn kí wọ́n bá mi gbọ́ ọ, wọ́n fi ọwọ́ tì í padà, wọ́n ní, "Gbé e lọ." Ìgbà ọyẹ́ tó tẹ̀lé e ni wọ́n kú.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Tíjání fà mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n Múráínà, yàrá wo nínú ilé yìí ni kò bá gbà á? Igun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́."

"Dákẹ́, Tíjání. Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló gbà jáde."

A dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè wá wá jẹun, kò sì sí ẹni tó jẹun nínú àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín. Ta ló máa wà níbẹ̀ tí yóò sọ fún yín pé ohun tí ẹ ṣe dára, tàbí kò dára? Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, ojú mi ń ríran, síbẹ̀ láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, n kò mọ̀ mọ́ bóyá gòjé tí mo ṣe dún tàbí kò dún. Ohùn tó wà nínú orí mi ni mo ń wọ̀n ọ́n mọ́, orí àgbàlagbà sì máa ń gbàgbé. Owó kì í ṣe ohun tó mú kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó máa tú ohun tí mo bá ṣe palẹ̀ mọ́.

Gòjé tí mo ṣe kẹ́yìn, Rábíátù ló bẹ̀ mí kí n ṣe é. Awọ ewúrẹ́ ni mo fi bò ó, okùn ìpẹja ni mo ta sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti wádìí gbogbo ohun tí òfin wọn fẹ́ kí n tó fọwọ́ kan igbá, ìwé ṣáájú ẹrù. Ó kọjá láìsí wàhálà. Kò pẹ́ tó fi dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì pè mí kí n lè máa rí i bó ṣe ń fà á. Ó ti ń hewú díẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí, ó dijú, ó fa orin kan tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Ní àárín orin náà, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ ẹ."

"Kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe òun, àbúrò mi."

Mo rí i lójú fóònù tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé kí n fi sílẹ̀?"

"Rárá," ni mo wí. "Fà á dópin."

Ó tún gbé ọrun lé okùn.